Lẹ́tà ṣíṣí sí NCC àti NEMA: Ẹ jẹ́ kí máàsì máa kéde omíyalé fún wa

Sí Igbákejì Alága Aláṣẹ Àjọ NCC àti Olùdarí Àgbà Àjọ NEMA, ní Àbújá.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ̀yin méjèèjì ni mo kọ lẹ́tà kan ṣoṣo yìí sí, torí pé àárín yín ni ọ̀rọ̀ náà wà. NCC ló ń pàṣẹ fún àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, NEMA ló ń bójú tó ìjàǹbá. Bí ẹ ò bá jọ jókòó sọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa ṣe é. Iṣẹ́ máàsì, òpó gíga tó ń gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, ni mò ń ṣe jẹun. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi là ń gun òkè rẹ̀, tá à ń pààrọ̀ bátìrì ìdí rẹ̀, tá à ń wá ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Etí Odò Ògùn, lápá Ìṣẹrì, ni mo sì ń gbé. Mo mọ ohun tí máàsì lè ṣe, mo sì ti rí ohun tí omi ń ṣe.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò gùn. Ẹ pàṣẹ kí gbogbo iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilẹ̀ yìí máa fi ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Cell Broadcast, ìyẹn kí máàsì sọ ọ̀rọ̀ kan fún gbogbo fóònù tó wà lábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbé ìkìlọ̀ pàjáwìrì sórí fóònù wa, kí ẹ sì sọ ọ́fíìsì tó máa tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ àti ìgbà tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́. Apá kejì yẹn ló le jù, màá dé ibẹ̀.

Kì í ṣe pé a ò ní ìkéde. Lọ́dọọdún ni NiMet, àjọ ojú ọjọ́, ń sọ bí òjò ṣe máa rí, NIHSA, àjọ tó ń wo bí omi odò ṣe ń rìn, náà a sì gbé àsọtẹ́lẹ̀ ìkún omi jáde, pẹ̀lú orúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn. Bí wọ́n bá fẹ́ tú omi sílẹ̀ ní Dáàmù Ọ̀yán, àjọ tó ń ṣàkóso Odò Ògùn òun Ọ̀ṣun máa ń sọ ọ́. Dáàmù yìí, tí wọ́n ṣí lápá Abẹ́òkúta lọ́dún 1983, lè gba omi tó tó mílíọ̀nù 270 mítà kúbíkì, bí òjò bá sì ti kún un ju bó ṣe yẹ lọ, wọn ò lè má tú u. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó náà a wá dárúkọ àdúgbò: Kẹ́tu, Alápẹ̀rẹ̀, Agric, Owódé Onírin, Kara, Ìṣẹrì Olówó-ìrà. Wọ́n á ní kí ẹni tó bá wà létí omi kó kúrò.

Àmọ́ ibo ni ìkéde ọ̀hún ti ń bá wa? Lórí rédíò lọ́sàn-án, nígbà tí ìyá oníṣòwò wà ní Mile 12 tó ń ra ata. Lójú ìwé ìròyìn. Lórí X, fún ẹni tó bá ní dátà. Nígbà tó bá fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí omi fẹ́ bá gan-an, WhatsApp ló máa gbé e dé, tòun ti fídíò omíyalé ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí wọ́n so mọ́ ọn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ èwo ni tòní níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Arọ náà gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ ná.

Òru sì ni omi sábà máa ń wọlé. Mọ́jú ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni Dáàmù Alau já, tí omi ká àwọn ará Maiduguri mọ́ orí ẹní. Mọ́jú ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni ti Mokwa ní ìpínlẹ̀ Niger, àwọn tó kú níbẹ̀ lé ní 200. Káàkiri Nàìjíríà, èèyàn 363 ni ìkún omi pa lọ́dún 2012. Lọ́dún 2022, wọ́n lé ní 600. Àwa nílẹ̀ Yorùbá ò tíì gbàgbé Ògùnpa ọdún 1980, bẹ́ẹ̀ la ò gbàgbé ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 tí omi gbé èèyàn tó lé ní 100 lọ n'Ìbàdàn. Lóru, wọ́n ti pa rédíò, wọ́n ti pa tẹlifíṣọ̀n. Fóònù nìkan ló ṣì wà ní títàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí.

Ẹnì kan lè ní, ṣebí ẹ kàn lè fi SMS ránṣẹ́ sí wọn? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí a bá fi SMS ṣe é. SMS kọ̀ọ̀kan ló ń rin ìrìn tirẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí fóònù náà wà, kó pè é, kí fóònù jẹ́ ẹ, kí wọ́n yẹ síìmù rẹ̀ wò, kí wọ́n fún un ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, kó tó wá gba ọ̀rọ̀ náà, kó sì tún dáhùn pé òun ti gbà á. Bí fóònù 100,000 bá wà létí odò, ìrìn náà di 100,000. Ojú ọ̀nà kan náà yẹn sì ni ìpè ń gbà bẹ̀rẹ̀. Wákàtí tí omi ń bọ̀ gan-an ni gbogbo èèyàn ń pe ìyàwó, tí wọ́n ń pe ọmọ, tí wọ́n ń pe lánlọ́ọ̀dù. Ọ̀nà á dí pa. Ìkìlọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ lè wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

SMS tún ń wá nọ́ńbà ni, kì í wá ibi tí èèyàn wà. Ọ̀gbẹ́ni tó forúkọ síìmù rẹ̀ sílẹ̀ ní Kano, tó ń sùn ní Kara lálẹ́ òní torí pé ó kó màlúù wá, ta ló máa fi nọ́ńbà tirẹ̀ kún un? Ìpolówó sì ti pọ̀ lórí SMS débi pé ẹ̀yin NCC fúnra yín ní láti fún wa ní 2442 ká lè fi dá a dúró. Kò sẹ́ni tó ń fò dìde torí pé SMS wọlé mọ́.

Cell Broadcast kì í wá ẹnikẹ́ni lọ sílé. Akéde ni, tó dúró ní oríta, tó lu agogo rẹ̀, tí gbogbo ọjà sì gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Máàsì á sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, gbogbo fóònù tó wà lábẹ́ rẹ̀ á jọ gbà á, ì báà jẹ́ mẹ́wàá, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ẹrù tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò yí padà. Ó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìdí nìyẹn tí ìpè ò fi lè dí i. Kò béèrè nọ́ńbà, kò béèrè orúkọ, kò béèrè owó lórí síìmù, kò béèrè dátà. Fóònù kì í sì dá a lóhùn, nítorí náà kò sí iléeṣẹ́ tó lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ ẹni tó wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Fún ẹni tó ń ṣàníyàn nípa àṣírí ará ìlú, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Kì í sì í ṣe nǹkan tuntun. Ó wà nínú ìlànà GSM, wọ́n ti fi hàn ní Paris lọ́dún 1997, kí GSM tó wọ ilẹ̀ wa lọ́dún 2001. Àwọn Nokia ayé ìgbà yẹn ní ibi tí wọ́n kọ “Cell info display” sí nínú wọn. Òun náà ni. Japan ti ń fi fóònù kìlọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ láti ọdún 2007, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́dún 2012, Netherlands náà lọ́dún 2012.

Ẹ jẹ́ ká lọ sídìí máàsì. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló kọjú sí ọ̀nà mẹ́ta, ojú kọ̀ọ̀kan ló sì ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀. Bí mo bá dúró sídìí máàsì kan lẹ́bàá afárá Kara, mo lè nawọ́ sí i pé ojú yìí ń wo odò, ojú yìí ń wo márosẹ̀, ẹ̀kẹta ń wo ọ̀nà Berger. Ẹ lè ní kí ojú tó ń wo odò nìkan sọ̀rọ̀, láti Abẹ́òkúta títí dé ibi tí odò ti wọ ọ̀sà, kí ará Ìkẹjà tí ọ̀rọ̀ ò kàn máa sùn lọ. Mo ka èyí sí pàtàkì gidi. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bá fi igbe jí lóru lẹ́ẹ̀mẹta lórí ohun tí kò kàn án, ó máa wá bí wọ́n ṣe ń pa á, ọjọ́ tó bá wá kàn án, kò ní gbọ́.

Àwọn ẹlẹ́rọ ẹlẹgbẹ́ mi máa ń béèrè pé bí fóònù ò bá dáhùn, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó gbọ́. Àsọtúnsọ ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni máàsì á máa sọ, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ síra bí ẹ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, títí àsìkò tí ẹ dá fún un á fi pé. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Fóònù tó bá ti gbà á kò ní gbé e jáde mọ́, kí ó má baà sú èèyàn. Èyí tí kò gbà á lẹ́ẹ̀kíní, torí pé inú yàrá ẹ̀yìn ló wà tàbí torí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án ni, á gbà á lẹ́ẹ̀kejì tàbí lẹ́ẹ̀kẹwàá. Awakọ̀ tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ á gbà á bó bá ti wọ abẹ́ máàsì náà. Bí omi bá tún kún sí i, ẹ yí ọ̀rọ̀ padà, nọ́ńbà á yí, fóònù á tún ké. Bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ṣe ń gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí kì í dáhùn.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí ni iná. Máàsì tí kò níná ò lè kéde fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo máa ń bá nídìí wọn ní oṣù Kẹsàn-án ni jẹnẹrétọ̀ tí omi ti mù dé ìkùn, bátìrì tó ti gbó tí kò lè gbé wákàtí méjì, àti ọkọ̀ tó ń gbé epo dísù bọ̀ tó dúró sójú ọ̀nà torí pé àgbàrá ti gba títì. Nítorí náà, ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ ti jáde kí omi tó dé ìdí máàsì. Ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ ẹnikẹ́ni tó bá ní máàsì létí odò pé bátìrì rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé e mọ́jú, kí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sì jókòó sórí pèpéle tó ga. Àwa tá à ń tún un ṣe mọ̀ pé kò sí idán níbẹ̀: irin, sìmẹ́ǹtì àti bátìrì tuntun ni.

Ọ̀rọ̀ èdè ńkọ́? Ojú ìwé kan nínú Cell Broadcast gba báìtì 82 (báìtì ni wọ́n fi ń wọn àyè ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ), ọ̀rọ̀ kan sì lè ní tó ojú ìwé 15. Bí ẹ bá fi álífábẹ́ẹ̀tì GSM, àkójọ lẹ́tà tí wọ́n ṣe fún fóònù, kọ ọ́, ojú ìwé kan á gba lẹ́tà 93. Àmọ́ ẹ, ọ àti ṣ kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì yẹn. À wà níbẹ̀, ò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n á kò sí, ó kò sí. Bí ẹyọ lẹ́tà kan tí kò sí níbẹ̀ bá wọ inú ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà á bọ́ sí ìlànà kejì tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti ń gba báìtì méjì, ojú ìwé kan ò sì ní gbà ju 41 lọ. Ọ tó bá ní àmì lórí tún ń gba àyè méjì. Mo mọ̀ pé ẹnì kan níbi ìpàdé máa sọ pé torí èyí, ẹ jẹ́ ká fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọ ọ́, tàbí ká kọ Yorùbá láìfi àmì sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún un. Ojú ìwé 15 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 41 jẹ́ àyè 615. Ẹ wo èyí:

“ÌKÌLỌ̀ NEMA: Omi Odò Ògùn ń kún bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kara, Ìṣẹrì Olówó-ìrà àti Owódé Onírin, ẹ kúrò létí odò báyìí, kí aago mẹ́jọ alẹ́ tó lù. Ẹ gbé àgbàlagbà àti ọmọdé dání. Ẹ lọ sí ibi gíga. Ẹ má wọ inú omi tó ń ṣàn, ì báà ṣe pẹ̀lú ọkọ̀. Ẹ pe 112 fún ìrànlọ́wọ́.”

Kò kún ìdajì àyè náà. Ó sọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ohun tó ń bọ̀, ẹni tó kàn, ohun tí wọ́n máa ṣe àti àsìkò tí wọ́n ní. Àyè ṣì kù fún Gẹ̀ẹ́sì ṣókí nísàlẹ̀, ní Kara ẹ sì gbọ́dọ̀ fi Hausa jáde pẹ̀lú, torí ọjà màlúù ni ibẹ̀. Bàbá tí kò mọ̀wé kà á gbọ́ igbe fóònù, á sì ké sí ọmọ ilé kó wá kà á fún òun. Bí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló bá wà níbẹ̀, ọmọ náà ní láti kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ lórí ìdúró, lóru, nínú òkùnkùn.

Mo ní màá dé orí bọ́tìnnì. Lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, Sípéènì ní Cell Broadcast, ó sì ń ṣiṣẹ́. Àjọ ojú ọjọ́ wọn ti kìlọ̀ pẹ̀lú àmì pupa láti àárọ̀. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá alẹ́ ni ìkìlọ̀ tó wọ fóònù àwọn ará Valencia láti fi ìkún omi náà létí. Omi ti wà nínú ilé, ó ti wà nínú ibi ìgbọ́kọ̀sí abẹ́ ilẹ̀. Àwọn tó kú lé ní 200. Ẹ̀rọ ò yẹ̀. Ọwọ́ tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ ló pẹ́.

Hawaii rí òdìkejì rẹ̀. Lọ́jọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2018, wọ́n fi ìkìlọ̀ sórí fóònù gbogbo ìlú pé ohun ìjà olóró ń bọ̀. Irọ́ ni. Ìṣẹ́jú 38 ló gbà kí wọ́n tó fi àtúnṣe ránṣẹ́ gba ọ̀nà kan náà, torí pé kò sẹ́ni tó ti kọ ọ̀rọ̀ àtúnṣe sílẹ̀ de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí ń fi ọmọ pamọ́ láàárín ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn.

Jámánì ló sún mọ́ tiwa jù. Wọ́n ní áàpù ìkìlọ̀ lórí fóònù, wọ́n sì rò pé ó tó. Ní oṣù Keje ọdún 2021, omi gba àfonífojì odò Ahr àti àyíká rẹ̀, èèyàn tó lé ní 180 kú ní Jámánì. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó pàṣẹ Cell Broadcast. Wọ́n dán an wò lọ́jọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2022, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 2023. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnkú. Ó ṣeé ṣe kíákíá bí ẹni tó ní àṣẹ bá pinnu. Òfin Ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 2003 ti fún NCC ní àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Tiwa ò gbọ́dọ̀ dúró de òkú tuntun, àwọn tó ti lọ ti pọ̀ tó.

Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ìwé kan tí gbogbo èèyàn lè rí: bí omi Ògùn bá dé ìwọ̀n báyìí, tàbí bí wọ́n bá fẹ́ tú omi Ọ̀yán ju ìwọ̀n báyìí lọ, ọ́fíìsì NEMA tó wà l'Ékòó gbọ́dọ̀ gbé ìkìlọ̀ jáde láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, láìdúró de ìbuwọ́lù kankan láti Àbújá. Kí èèyàn méjì jọ wò ó kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹni kejì sì wà lẹ́nu iṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ọdún pẹ̀lú. Kí ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ àti ọ̀rọ̀ àtúnṣe ti wà ní kíkọ sílẹ̀ ní Yorùbá, Ẹ̀gùn, Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì, kí akọ̀wé tó mọ èdè dáadáa ti kà wọ́n. Ìwọ̀n omi tó yẹ gan-an, àwọn onímọ̀ omi ni kó dá a, kì í ṣe èmi, kì í sì í ṣe olóṣèlú.

Ní ti fóònù, iPhone àti àwọn Android tuntun ti gbé e wá nínú láti iléeṣẹ́, ó ku kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilẹ̀ wa ṣí i. NCC ló ń fọwọ́ sí irú fóònù tó lè wọ ọjà wa, ẹ fi kún ohun tí ẹ ń béèrè pé kí ó ti wà ní títàn kí fóònù tó kúrò nínú páálí. Wàhálà wà lórí fóònù kékeré oníbọ́tìnnì, èyí tí ọ̀pọ̀ ìyá wa ń lò, torí àwọn kan nínú wọn ní láti fọwọ́ ṣí i. Àmọ́ síìmù fúnra rẹ̀ ní àyè tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà ìkànnì Cell Broadcast sí, iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lè tún un kọ láti ọ̀nà jínjìn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wá sí ọ́fíìsì wọn. Ẹ ní kí wọ́n ṣe é.

Bí iléeṣẹ́ bá ní owó ni ìṣòro, USPF, àpò owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ láti mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé ibi gbogbo, wà lábẹ́ NCC. Ohun kan tí mi ò ní fẹ́ rí láé ni kí ẹnikẹ́ni ta dátà tàbí kọ orúkọ olóṣèlú sórí ìkànnì yìí. Ọjọ́ tí ìpolówó àkọ́kọ́ bá gba ibẹ̀ kọjá ni ìkìlọ̀ ti kú. Ẹ fi ìtanràn tó ń dunni sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò lójú gbogbo èèyàn. Bírítéènì ṣe tirẹ̀ lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 2023, ní aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Àwọn ọmọ wa tó wà níbẹ̀ gbọ́ igbe rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé ìdánwò ni, torí wọ́n ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Odò Ògùn nìkan, kí oṣù Keje tó ń bọ̀ tó wọlé. Ẹ kéde rẹ̀ ní mọ́sálásí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lórí rédíò, lọ́dọ̀ Ìyálọ́jà àti lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ awakọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ rán àwọn ọmọ yunifásítì jáde láti ilé dé ilé ní Kara, Ìṣẹrì àti Owódé kí wọ́n béèrè ẹni tó gbà á, ẹni tí kò gbà á, irú fóònù tó ń lò àti bóyá ó yé e. Kí ẹ tẹ èsì rẹ̀ jáde bó ṣe rí, ì báà burú. Ibi tí kò bá ti dé làwa tó ń ṣiṣẹ́ máàsì máa mọ ibi tá a máa lọ tún ṣe.

Gbangba ni mo ti kọ̀wé yìí sí yín, mo sì ń retí ìdáhùn yín ní gbangba: ọjọ́ tí ìdánwò náà máa jẹ́, àti ọ́fíìsì tí bọ́tìnnì máa wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òṣìṣẹ́ máàsì kan, létí Odò Ògùn, Ìṣẹrì